Ipa Ẹsẹ̀ Tí Ìyá Àtẹ́lẹsẹ̀ Kà Lọ́sàn-án Gangan

Àwọn kan ń fi ojú mọ èèyàn, àwọn kan ń fi ohùn mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ gbogbo ohun abẹ̀mí. Bí ẹ bá kọjá níwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ kò kí i, kó tó di ọ̀sán yóò ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, yóò sì bá yín jà sí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òṣìṣẹ́ igbó ẹranko ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Àtẹ́lẹsẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí, ẹnikẹ́ni kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọpa kìnìún. Kì í ṣe ọdẹ o. Kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà á fún ni pé láràárọ̀, kó wá àwọn kìnìún inú igbó náà rí, kó mọ èyí tó lóyún, èyí tó bímọ, èyí tó fara pa àti èyí tó kú, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí tó lù, ó ti mu tíì nínú ife onírin tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ jíìpù, ó ń retí Dírẹ́bà. Dírẹ́bà a sì máa pẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọdún mọ́kànlá náà ló sì ti ń pẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni yóò wí. "Mo ń fá irùngbọ̀n ni."

"Kìnìún tó máa jẹ ẹ́ kò ní bèèrè bóyá o fá irùngbọ̀n. Ṣáná sí ọkọ̀, jàre."

Kì í ṣe ìwé ló gbé e dé ibi tó wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìkòkò ló ń fọ̀ ní ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé ìdáná ni wọ́n máa ń da omi àwo sí, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, ohunkóhun tó bá sì wá lá omi náà kò ní ṣàì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń ha ìkòkò ló ń wò wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ fún bàbá arúgbó tó jẹ́ atọpasẹ̀ nígbà náà pé abo kìnìún tó kọjá lẹ́yìnkùlé kò fẹ́ fi ọwọ́ òsì tẹlẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí afọkòkò gbájú mọ́ ìkòkò rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n rí abo kìnìún kan lábẹ́ igi, ẹ̀gún òòrẹ̀ ti gún un wọ àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá ti wà nínú jíìpù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fọ ìkòkò wọn mọ́ dáadáa mọ́.

Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá kan tó ní fèrèsé kan, fáànù kan tí kì í yí ju apá ọ̀tún lọ, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó kún fún káàdì. Kìnìún kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. A ya ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó wà níbi tí irun imú rẹ̀ ti hù, nítorí pé àmì ti kìnìún kan kì í bá ti èkejì mu. Etí tó ya wà níbẹ̀, eyín tó kán wà níbẹ̀, àti bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí. Bí ẹnì kan bá mú káàdì kan jáde tí kò dá a padà sáàyè rẹ̀, kí onítọ̀hún má ṣe gba ojú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ayé àwọn kìnìún, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àwọn abo ló nilé. Ìyá, ọmọ, àbúrò, ìyá àgbà, wọn a jọ máa gbé nínú agbo kan náà. Àlejò ni àwọn akọ. Agbára ni wọ́n fi ń gba ilé, iye tí wọ́n bá jẹ́ sì ni agbára wọn. Akọ kan ṣoṣo kò lè di agbo mú pẹ́. Méjì lè gbìyànjú. Mẹ́ta tó jọ dàgbà pọ̀, ọba ni wọ́n. Ọjọ́ tí akọ tuntun bá sì lé ti àtijọ́ lọ, gbogbo ọmọ ọwọ́ tó bá bá nínú agbo ni yóò pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá ti fi ojú ara rẹ̀ rí irú rẹ̀. Kò sunkún nínú jíìpù rí. Ilé ló máa ń dé kó tó sun ún.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, agbo méjì ló wà nínú igbó náà, akọ mẹ́ta ló sì ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti òkè wá, Dírẹ́bà ló sì sọ wọ́n ní Àwọn Ọmọ Ìyá, nítorí pé wọ́n jọra bí ìbejì tó lé kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá ń pè ní Oníka. Okùn wáyà àwọn ọdẹ ti há a lọ́wọ́ rí, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lẹ́bàá òde wá ya kúrò lára àwọn yòókù. Ọmọdé tó bá mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì lè dá ipa rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tí Àwọn Ọmọ Ìyá lé kúrò lórí oyè ni Ọ̀lẹ. Ìyá ló sọ ọ́ lórúkọ náà nígbà tí kò tíì ju ológbò lọ, torí pé òun ló máa ń gbẹ̀yìn dé ìdí ẹran, yóò sì tún jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Ọ̀lẹ yìí náà ló wá gba ilé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ṣe ọba fún ọdún mẹ́rin, títí ẹfọ̀n fi kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa. Nígbà tí àwọn mẹ́ta náà dé, ó jà títí eyín rẹ̀ méjì fi kán, tí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sì ya láti ọ̀tún sósì, ó sì sá. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí, arúgbó kùjọ́kùjọ́ lèyí jẹ́ láàárín kìnìún. Ẹ̀bá wáyà tó yí igbó náà ká ló ń gbé, ìmàdò àti òkú ẹran ló ń jẹ. Ìgbà tí Ìyá rí i kẹ́yìn, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Ohun tó yẹ kó kọ sínú káàdì lọ́jọ́ náà kò ju pé ó wà láàyè lọ. Ojú ìwé méjì ló kọ. Ìyá yìí kan náà ló sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé atọpasẹ̀ kì í fẹ́ràn kìnìún kan ju èkejì lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Àbúrò ọkọ Ìyá ló ń sin màlúù lódìkejì wáyà. Ọkọ Ìyá ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n "ọkọ mi" náà ni Ìyá ń pe àbúrò rẹ̀ yìí bí àṣà ilé, òun náà a sì máa dáhùn ní "ìyàwó wa," pẹ̀lú gbogbo ewú orí àwọn méjèèjì. Láàárín oṣù kan, kìnìún gbé màlúù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Òjò fọ ipa ẹsẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é. Òfin gba sùúrù fún ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá di ẹ̀kẹta, wọn yóò yìnbọn fún kìnìún náà, nítorí pé wọ́n ti gbé ọ̀kan lọ sí ibòmíràn rí, ọjọ́ kẹsàn-án ló padà wá. Ṣùgbọ́n wọn kì í yìnbọn láìjẹ́ pé atọpasẹ̀ fọwọ́ síwèé pé kìnìún báyìí ni.

Ẹ̀kẹta ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ Ajé mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilẹ̀ gbẹ. Ipa ẹsẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà màlúù, ó hàn, kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni Ìyá wà ní ilé ìwòsàn ojú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ ló bá a gba ààyè síbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ó ti ṣàkíyèsí pé ìyá òun ti ń na ọwọ́ jìnnà bó bá fẹ́ ka nǹkan lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ní kó ka lẹ́tà ara ìwé kékeré kan. Ìyá ka ìlà méjì, ó ní àwọn tó kù ti kéré jù, ẹni tó kọ ọ́ kò láàánú. Wọ́n ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ ṣì dára bíi ti ọ̀dọ́, ìtòsí ni kò dára mọ́, wọ́n sì fún un ní awò ojú nínú àpò aláwọ kékeré. Ó jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ó ti sọ fún Ọ̀gá igbó náà pé eyín ló ń dun òun.

Nítorí èyí, aago méjìlá ọ̀sán ti lù kí ó tó dé ọgbà màlúù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í ka ipa ẹsẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ là ń kà á, nígbà tí oòrùn bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí òjìji lè wọ inú gbogbo kòtò ẹsẹ̀ náà. Lọ́sàn-án gangan, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni, àwo lásán ni wàá máa wò. Bí ó bá sì jẹ́ àárọ̀ náà, orí ìkúnlẹ̀ là ń wà kà á. Ìyá ti sọ èyí fún gbogbo ẹni tó kọ́ níṣẹ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ pàápàá.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Ọ̀gá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà fara ti jíìpù. Àbúrò ọkọ dúró, ó ń wo Ìyá lẹ́nu, abo màlúù rẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, eṣinṣin ti bò ó. Ìyá tẹ̀ díẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ọwọ́ òsì ni. Ó gbòòrò, ìka kan sì ya sóde. Ó jọ ti Oníka. Ìsàlẹ̀ ipa náà dán bí èyí tó ti jẹ, kò sì yẹ kí ti ọ̀dọ́ akọ rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn kan sọ fún un pé kó kúnlẹ̀. Ó na ara rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Oníka ni," ó wí.

"Ṣé ó dá yín lójú, Ìyá?" Ọ̀gá bi í.

"Mo ti wí."

Ó fọwọ́ síwèé lórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Wọ́n wá nǹkan tí wọn yóò fi bo ipa ẹsẹ̀ náà títí Dókítà Ẹranko yóò fi wá ya fọ́tò rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bàsíà ìfọṣọ nìkan ló wà nítòsí.

"Bàsíà ìyàwó mi!" ni àbúrò ọkọ wí. "Kìnìún jẹ màlúù mi, ìjọba tún fẹ́ gba bàsíà. Kí ni kí n fi fọ ṣòkòtò?"

"Ọkọ mi, ẹ wọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. A ti ń gbóòórùn yín tẹ́lẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Dókítà yóò gbé ìbọn wá, kí Ìyá wá ibi tí Oníka wà sílẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Lọ́jọ́rú, Dírẹ́bà tún pẹ́. Wọ́n wa ọkọ̀ débi àwọn òkúta ńlá tó wà láàárín igbó, níbi tí igún ti ń yí lókè. Ọgbà màlúù sí ibẹ̀ tó kìlómítà méjìlélógún. Àwọn Ọmọ Ìyá nà sílẹ̀ sábẹ́ igi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ikùn wọn wú bí àpò ìrẹsì. Ẹfọ̀n ńlá kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, egungun ìhà nìkan ló kù.

"Wọ́n mà yó o," ni Dírẹ́bà wí. "Ìgbà wo ni wọ́n pa á?"

Ìyá gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, ó sì ń wo ilẹ̀ yí wọn ká díẹ̀díẹ̀. Ìgbẹ́ wọn tó ti gbẹ tó funfun wà níbẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ wà níbẹ̀, tútù náà wà níbẹ̀. Koríko tí wọ́n sùn lé ti pọ́n. Ó ní kí Dírẹ́bà yí òkúta náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ipa ẹsẹ̀ akọ tó wọlé wà. Èyí tó jáde kò sí. Láti ọjọ́ Àìkú ni àwọn kìnìún yìí ti jókòó ti ẹran wọn. Kò sí Oníka nínú ọ̀rọ̀ màlúù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀, àwọn abo kó àwọn ọmọ dé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Méjì gun Oníka lórí, wọ́n ń já gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ jẹ. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sùn. Ìyá wò wọ́n pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rí ipa akọ mẹ́rin àjèjì létí odò, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò gbà. Bí wọ́n bá pa Oníka lọ́la, yóò ku méjì. Méjì kò lè dúró níwájú mẹ́rin. Àwọn ọmọ mọ́kànlá yìí kò ní rí oṣù tó ń bọ̀, kìnìún tó ń jẹ màlúù yóò sì tún padà lọ jẹ màlúù. Gbogbo èyí, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Òun nìkan ló sì mọ̀. Dírẹ́bà lè wa ọkọ̀ gba ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ka ìgbẹ́. Bí Ìyá bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

"Wà mí lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi," ó wí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ibẹ̀, oòrùn ti rẹlẹ̀. Ìyá yọ awò ojú náà nínú báàgì, ó fi sí imú, ó kúnlẹ̀, ó ṣí bàsíà. Gbogbo rẹ̀ hàn ketekete. Ẹsẹ̀ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Kìnìún náà ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ojú ipa ọwọ́ iwájú, ẹsẹ̀ sì yọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka tó dà bíi pé ó ya, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Àtẹ́lẹwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ti jẹ, ó dán, àpá kan sì là á kọjá láti ọ̀tún sósì. Ìyá mọ àpá yẹn bó ti mọ ilà ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Kí lẹ rí?" ni àbúrò ọkọ bi í.

"Ọkọ mi, kì í ṣe èyí tí mo dárúkọ."

Ọkùnrin náà ti ń sin ẹran láti kékeré, kò sì gọ̀. Ó wò ó lójú. "Ìyàwó wa, màlúù mi kò mọ orúkọ kìnìún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ pa èyí tí kò ṣe é, èmi náà ni màá tún máa gbálẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ èyí tó ṣe é."

"Mò ń lọ sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ó lè sọ ọ́?"

Ìyá bo ipa náà padà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún, ó wọ ọkọ̀.

Ọ̀gá ń palẹ̀ tábìlì mọ́ láti lọ sílé nígbà tó wọlé. Ìyá kò jókòó.

"Ọ̀gá, ipa ẹsẹ̀ àná, mo ṣì í kà. Ọ̀lẹ ni. Mo ti padà lọ wò ó, Àwọn Ọmọ Ìyá kò sì kúrò nídìí ẹfọ̀n láti ọjọ́ Àìkú."

Ọ̀gá, tó kéré sí i ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, rọra gbé péènì sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀, kò gbọ́ ọ rí pé Ìyá ṣi ipa ẹsẹ̀ kà. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí awò tó ṣì wà ní imú obìnrin náà, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó sọnù.

"Áà. Ojú yín ni."

Ìyá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀ ṣe ń gba àga. "Ojú mi ni."

"Ẹ ṣeun tí ẹ tètè wá sọ. Ẹlòmíràn ò ní sọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára mọ́, mi ò lè jẹ́ kó máa fọwọ́ síwèé ikú. Láti oṣù tó ń bọ̀, inú ọ́fíìsì lẹ ó máa wà, ẹ máa bá wa tọ́jú káàdì."

"Kò burú."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ lójú Ìyá pé ojú ló fa àṣìṣe. Ìyá fọwọ́ síwèé tuntun, ó fọwọ́ sí ikú Ọ̀lẹ, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sí etí ibùsùn, kò dáná. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù láti bèèrè bóyá ó ń lo awò náà. Ó ní òun ń lò ó, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lọ́jọ́bọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè rí Ọ̀lẹ àfi Ìyá. Dókítà Ẹranko jókòó sẹ́yìn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìbọn wà lórí itan rẹ̀. Dírẹ́bà kò pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá ń fi ẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀ lẹ́bàá wáyà, ó ń dúró, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Ibí ni Ọ̀lẹ ti sinmi. Ibí ló tún ti sinmi. Kò rìn tó igba ẹsẹ̀ kó tó tún jókòó sílẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Ìyá wọ inú ọkọ̀ padà, ó nawọ́ sí igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó dá dúró.

Ó wà níbẹ̀. Gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ ti tán, egungun ìbàdí rẹ̀ ti yọ síta. Ó gbórí sókè, ó wo jíìpù, ó sì tún gbórí lé ọwọ́.

Dókítà rọra bi wọ́n pé, "Kò sá? Àwọn tó ń gbé ẹ̀bá wáyà máa ń sá fún ọkọ̀."

"Kì í sá fún wa," ni Ìyá dáhùn. "Láti kékeré ló ti mọ ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ náà kò ṣe é níbi rí."

Dírẹ́bà wa ọkọ̀ sún mọ́ ọn títí ó fi ku nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀. Ọ̀lẹ di ojú.

"Ìyá, mo gbọ́dọ̀ bi yín," ni Dókítà wí. "Ṣé òun ni?"

"Òun ni."

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èkejì. Nígbà tí Dókítà ní ó ti parí, Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó fi okùn wọn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kìnìún náà bí òfin ti wí, ó ń pe iye rẹ̀, Dókítà ń kọ ọ́. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún, kò sì ṣi ìwọ̀n kankan kà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó gbé ọwọ́ òsì náà lé itan, ó wo àpá tó là á kọjá, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó dùn ún ju ikú ọkọ rẹ̀ lọ, ojú sì tì í pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, Dókítà dúró tì wọ́n. Ìyá padà sínú jíìpù. Dírẹ́bà kò tíì ṣáná.

"Dírẹ́bà."

"Ìyá."

"Kì í ṣe ojú mi ló ṣe mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo mọ̀."

Ìyá yíjú sí i. "O mọ kí ni?"

"Ọdún mọ́kànlá, Ìyá. Mi ò rí i kí ẹ ka ipa ẹsẹ̀ lórí ìdúró rí. Bí ẹ ṣe na ara tán, tí ẹ kò kúnlẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti rí ohun tí ẹ ò fẹ́ rí."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Dírẹ́bà fọwọ́ ra àgbọ̀n rẹ̀. Kò fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ náà. "Èmi náà ò fẹ́ kó jẹ́ òun."

Ìyá bọ́ awò ojú, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún fi sí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára, wọ́n lè fún un ní àga nínú ọ́fíìsì. Ẹni tó fọwọ́ sí irọ́, wọn a ní kó máa lọ sílé ni. Òun gan-an ló kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní òfin yìí.

"Wà mí lọ bá Ọ̀gá," ó wí. "Ó kọ ọ́ síwèé pé ojú ni. Kó fà á ya, kó tún un kọ."

"Ìyá, wọ́n á lé yín o."

"Mo gbọ́. Ṣáná sí ọkọ̀."

Dírẹ́bà ṣáná sí i, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ́fíìsì.